Gbígbó yàtọ̀ sí pípọ́n: Ohun tí oko Penja kọ́ mi nípa ọjọ́ tó yẹ ká kórè

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ló pe akọ̀ròyìn wa kan wá síbi ìpàdé oṣooṣù wọn láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí bó ṣe sọ ọ́.

 

Nígbà tí alága pè mí, iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tó jẹ́ kí n ya ìwé yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa níbí, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún, fà mí sí kọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ojú ara yín, mi ò ní sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó yọ fóònù, ó fi àwòrán kan hàn mí. Igbó ni, èyí tí wọ́n ń mu. Ó gbin ìdí méjì sínú ike ọ̀dà lẹ́yìnkùlé ilé tó háyà. Ó ní àwọn kan sọ fún òun pé kò tíì tó gé, àwọn kan ní ó ti ń pẹ́ jù. Ó wá bi mí bí èèyàn ṣe ń mọ ọjọ́ tó yẹ kó gé e. Lójú tiẹ̀, kò sí ohun tí akọ̀ròyìn kò mọ̀.

Mo kọ́kọ́ dá a lóhùn bí ẹ̀gbọ́n. Mo ní òfin tí Kamẹrúùnù ṣe lọ́dún 1997 lórí oògùn olóró kò fàyè gba kéèyàn gbìn ín, àti pé kò sí ọlọ́pàá tó máa béèrè bóyá ó ti gbó tàbí kò tíì gbó kó tó mú un. Mo ní kó fà á tu lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dá a lóhùn bí akọ̀ròyìn, torí pé ó mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọn kì í ti mú èèyàn nítorí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ní Jámánì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin gbà kí àgbàlagbà gbin ìdí mẹ́ta sílé fún ara rẹ̀. Àwọn tó ń gbìn ín níbẹ̀ máa ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo òdòdó rẹ̀. Nǹkan tíntìntín kan bí ìrì wà lára òdòdó náà, inú rẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Tó bá ṣì mọ́ gaara bí omi, kò tíì tó. Tó bá ti funfun bí omi ògì, ó ti tó. Tó bá wá ń ní àwọ̀ oyin, ó ti ń kọjá lọ nìyẹn.

Douala kì í ṣe Berlin, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Àmọ́ ìbéèrè ọmọ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé nǹkan oko ti tó ká, nígbà tí owó ti tán nílé, tí olè wà nítòsí, tí ẹni tó fẹ́ rà á sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà? Mo sọ fún un pé ìbéèrè gidi ló béèrè, ewé tó fi béèrè ni kò dára. Mo ní kó bá mi lọ sí Penja lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ìbátan iyèré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ Penja. Ẹ máa gba afárá Wouri kọjá sí Bonabéri, ẹ ó la Souza kọjá, ẹ ó máa lọ títí tẹ́ ẹ ó fi rí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ lọ́tùn-ún lósì. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni láti ibí. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bonabéri bá mú yín, ẹ má bá kìlómítà jà. Ilẹ̀ ibẹ̀ dú, ó sì rọ̀. Òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ló pọ ilẹ̀ náà síbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní “poivre” níbẹ̀ kì í ṣe ata rodo, kì í ṣe tàtàṣé, kì í ṣe ṣọ̀ǹbọ̀. Ìbátan iyèré ni. Ẹ̀yin ìyá wa mọ iyèré, èyí tẹ́ ẹ máa ń gún sínú ọbẹ̀ ẹlẹ́ja gbígbóná fún ìyá ọmọ tuntun. Iyèré tiwa ní ìrù kékeré lẹ́yìn hóró, ti Penja kò ní ìrù. Tiwa hù nínú igbó wa fúnra rẹ̀, ti Penja wá láti Íńdíà. Ìtàkùn ni àwọn méjèèjì, ara igi ni wọ́n ń gùn.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́nà díẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1486, àwọn Pọtogí tó wá sí ìlú Ẹdó kó iyèré wa lọ sílé, ó sì tà dáadáa ní Yúróòpù. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama dé Íńdíà lọ́dún 1498, tí ọba wọn wá rí ọ̀nà sí èyí tó ń jáde níbẹ̀, ó fòfin de tiwa kó má baà ba ọjà tuntun náà jẹ́. Bí iyèré ṣe di nǹkan ìkòkò ọbẹ̀ nìkan nìyẹn, tí ìbátan rẹ̀ sì di ohun tó wà lórí tábìlì gbogbo ayé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ní Penja, a dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí mo ti bá sọ̀rọ̀ rí nítorí iṣẹ́. Oko rẹ̀ kò tó éékà méjì. Pijín la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tó bá di pé ọ̀rọ̀ wọlé gan-an, á bọ́ sí Faransé. Ọmọ tó tẹ̀ lé mi dọ̀bálẹ̀ kí i. Màmá náà kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, wọ́n rò pé ọmọ ọlọ́mọ ṣubú ni, wọ́n sáré wá gbé e.

Ọjọ́ tí a dé gan-an ni wọ́n ní láti pinnu. Owó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ọmọ wọn obìnrin gbọ́dọ̀ dé ilé ìwé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Lóru ọjọ́ kejì sí ìgbà yẹn, olè wọ oko aládùúgbò wọn. Oníṣòwò kan sì ti wá ní àárọ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti owó lọ́wọ́, ó ní gbogbo ohun tó wà lórí ìtàkùn lòun fẹ́, bó ṣe wà yẹn, ní tútù. Gbogbo oko sì ti gbó. Kò tíì pọ́n ni.

Ohun tí ojú ń wá lórí ṣírí

Ẹ gbọ́ o, èdè wa ti ṣiṣẹ́ yìí fún wa tipẹ́. Àgbàdo máa ń gbó, iṣu máa ń gbó, a ò jẹ́ sọ pé iṣu pọ́n. Ọsàn máa ń gbó kó tó pọ́n. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ti mọ ìdajì iṣẹ́ àwọn ará Penja.

Ìtàkùn yìí máa ń tó ọdún mẹ́ta kó tó so èso tó ní láárí. Láti ìgbà tó bá ti yọ òdòdó, ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ kí hóró rẹ̀ tó pọ́n. Ṣírí kan lè ní àádọ́ta hóró, wọn kì í sì í pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń fa wàhálà nìyẹn. Lórí ṣírí kan ṣoṣo, ẹ ó rí hóró tútù, ẹ ó rí èyí tó ń yẹ̀yìn, ẹ ó rí ọ̀kan tó ti pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Ìtàkùn kan náà ló ń bí gbogbo àwọ̀ tẹ́ ẹ ń rí lọ́jà Mboppi. Ọjọ́ tí wọ́n ká a àti ohun tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn náà ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ká a nígbà tí hóró rẹ̀ ṣì rọ̀, inú omi oníyọ̀ ni wọ́n ń kó o sí, òun ni èyí tó tutù bí ewé. Tó bá ti gbó, tí hóró kan tàbí méjì lórí ṣírí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n á ká a, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn. Ara rẹ̀ á hunjọ, á dúdú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn.

Ti funfun ló sọ Penja di ìlú olókìkí. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí èyí tó pọ̀ jù lórí ṣírí pọ́n. Wọ́n á wá kó hóró náà sínú àpò, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, títí èèpo pupa náà á fi rà. Òórùn omi yẹn, ẹ má bi mí! Ọmọ tó tẹ̀ lé mi fi ẹ̀wù di imú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ ra á kí èèpo náà lè bọ́, wọ́n á ṣàn án ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á sá a. Tí wọ́n bá fi hóró tí kò pọ́n ṣe é, èèpo rẹ̀ kì í bọ́ bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ ṣófo.

Màmá náà kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wò ó. Wọ́n mú hóró kan, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Tí omi funfun bá jáde nínú rẹ̀, kò tíì gbó. Tó bá le, tí inú rẹ̀ sì gan, ó ti gbó. Pípọ́n, ojú lẹ́ ẹ fi ń rí ìyẹn. Èmi náà na ọwọ́ sí ṣírí kan, mo fà á bí ẹni ń fa wáyà, ìtàkùn gígùn kan bá a já bọ́ sílẹ̀. Màmá wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Ìṣirò lábẹ́ igi

Ìdí tí gbogbo èèyàn kò fi ń dúró de pípọ́n kò ṣòro láti rí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí màmá ṣe lórí ilẹ̀ pẹ̀lú igi.

Tí ẹ bá ká ọgọ́rùn-ún kílò hóró tútù, tẹ́ ẹ bá sá a di dúdú, ẹ ó rí nǹkan bí kílò 33. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di funfun, nítorí èèpo tó bọ́ lọ, nǹkan bí kílò 25 ni. Kílò mẹ́jọ ti bá omi lọ. Ká ní wọ́n ń ra kílò kan dúdú ní 3,000 sẹ́fà. Àpẹẹrẹ ni o, mi ò sọ pé iye ọjà nìyẹn. Kílò 33 á jẹ́ 99,000 sẹ́fà. Kí ti funfun tó lè mú iye owó kan náà wọlé, kílò rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ tó 3,960 sẹ́fà. Ìyẹn ò ní èrè kankan nínú, ẹ ò tíì ka iṣẹ́ rírẹ, iṣẹ́ rírá, omi tí wọ́n ń pọn. Ẹ ò tíì ka ẹyẹ, torí ẹyẹ kì í jẹ èyí tó tutù, pupa ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ ò tíì ka èyí tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀ tó bá pọ́n jù. Ẹ ò sì tíì ka olè.

Olè yìí gan-an ló bà mí nínú jẹ́ jù. Bí màmá ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó bá wá lóru kì í ní àkókò láti wo èyí tó gbó. Á bó ìtàkùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fa á ya. Àmọ́ ohun tó jí gbé kọ́ ló pọ̀ jù nínú òfò náà. Tí wọ́n bá ja oko kan lóru, gbogbo oko tó yí i ká á kórè láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó pọ́n bí ò pọ́n. Ẹ̀rù ló ń bá wọn ká a. Olè kan ṣoṣo lè jẹ́ kí ogún oko ṣáájú ọjọ́ wọn.

Ohun kan náà ni mo rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyá ìyá mi ní oko kòkó ní Ìfẹ̀tẹ̀dó. Ọdún kan wà tí wọ́n ń wá owó ìtọ́jú bàbá àgbà, ẹnì kan tó ń ra kòkó sì ti fún wọn lówó sílẹ̀. Wọ́n ní ká já gbogbo rẹ̀, pupa àti tútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kòkó, ẹ mọ̀ pé èyí tí kò pọ́n kì í ní omi dídùn tó pọ̀ nínú, tẹ́ ẹ bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kì í gbóná, kì í kan bó ṣe yẹ. Nígbà tí a sá a tán, tí oníṣòwò náà la hóró mélòó kan, inú rẹ̀ rí bí òkúta. Ó gé owó náà sí méjì. Ìyá àgbà ò jiyàn. Wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó já a.

Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń mú àgbẹ̀ kórè kó tó tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín nínú ọ́fíìsì. Àgbẹ̀ mọ̀.

Òǹtẹ̀ tó wà lára orúkọ

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ní Penja ju ibòmíràn lọ. Lọ́dún 2013, àjọ OAPI tó ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí orúkọ ọjà àti iṣẹ́ ọpọlọ, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé, fi òǹtẹ̀ lu orúkọ “Poivre de Penja”. Oyin funfun Oku tó wà ní Kamẹrúùnù níbí náà gbà á lọ́dún yẹn, pẹ̀lú kọfí Ziama-Macenta ti Guinea. Ohun tí òǹtẹ̀ náà ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí kò bá gbìn ín sí ilẹ̀ yẹn, tí kò sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ pè é ní Penja. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà fara mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará Benin tẹ́ ẹ wà láàárín wa, ẹ rántí pé ọ̀pẹ òyìnbó aládùn ti Allada gba irú òǹtẹ̀ yìí lọ́wọ́ OAPI lọ́dún 2021. Benin àti Togo wà nínú àjọ náà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí.

Òǹtẹ̀ ń mú kí owó rẹ̀ ga. Bó ṣe ga ni àwọn oníjìbìtì ń pọ̀. Wọ́n ń ra ti orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ń rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n ń kọ Penja sára rẹ̀. Vietnam ló ń mú irú rẹ̀ jáde jù lọ láyé, kò sì wọ́n láti rí. Ohun tí ẹni tó gbin ojúlówó lè fi yà ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ni òórùn rẹ̀ àti bó ṣe kún nínú. Èyí tí wọ́n ká kó tó tó ò ní méjèèjì. Tí ẹni tó rà á ní Paris bá fọ́ ọ sórí ẹja, tó sì rí i pé kò dùn, kò ní sọ pé olè ló fà á. Á sọ pé Penja ò dára mọ́.

Màmá mọ gbogbo èyí. Wọ́n tún mọ iye tí ìdánwò ọmọ wọn jẹ́. Wọ́n jókòó lórí àpótí fún ìgbà pípẹ́, oníṣòwò náà sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré lọ́wọ́. Mo fẹ́ dá sí i, mo ká ara mi lọ́wọ́ kò. Ọmọ tí mo mú lọ ló la ẹnu, ó béèrè pé ṣé gbogbo oko ni olè lè rí láti ojú ọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìlà mẹ́rin tó wà lẹ́bàá títì ló hàn síta, èyí tó kù wà lẹ́yìn ilé. Màmá dìde. Wọ́n ní kí wọ́n ká ìlà mẹ́rin yẹn lọ́jọ́ náà fún dúdú, ó kúkú ti gbó, ìyẹn ò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Wọn ò tà á ní tútù fún oníṣòwò yẹn. Àwọn ló máa sá a fúnra wọn, wọ́n á sì yá owó ìdánwò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjọ wọn, kí wọ́n fi dúdú náà san án. Ti ẹ̀yìn ilé á dúró títí á fi pọ́n.

Oníṣòwò náà bínú lọ. Ó ní wọ́n máa pe òun padà.

Ọmọ wa ò bá mi padà sí Douala lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn àti ọmọkùnrin màmá ń sùn sí abà ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń ṣọ́ ìtàkùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀, ó sì ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, ṣírí kan náà, láti igun kan náà. Ọjọ́ kẹta, hóró méjì pupa. Ọjọ́ keje, ó tó ìlàjì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án òjò rọ̀, ó sì kọ ọ́ pé àwọn kan ti já bọ́, ó ń béèrè bóyá kí àwọn ká a ní kíákíá. Mo ní kó bi màmá. Màmá ní kí wọ́n fún un ní ọjọ́ méjì sí i.

Wọ́n ka díẹ̀ lára èyí tó pọ́n jù lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n rẹ ẹ́. Ìlà méjì ni ẹyẹ ti fẹ́rẹ̀ jẹ tán, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ohun gbogbo dára. Èyí tó kù ṣì wà lórí igi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò tíì mọ iye tí wọ́n máa tà á.

Nípa ike ọ̀dà méjì yẹn, mi ò bi í, òun náà ò sì sọ. Àmọ́ nígbà tó dé láti Penja, ó ní kí n wá wo ẹ̀yìnkùlé òun. Igi ìtàkùn méjì tí màmá gé fún un ló wà nínú ike náà, ó fi ọ̀pá gbé wọn ró. Ọdún mẹ́ta ni mo ní kó kà.

Mo mú àpò kékeré méjì wá láti oko yẹn. Dúdú ni wọ́n, láti ìlà mẹ́rin ẹ̀bá títì, kò sì tíì gbẹ tán pátápátá. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bu. Ẹ sọ hóró kan sẹ́nu, kẹ́ ẹ fi eyín fọ́ ọ. Tó bá dún kẹ́kẹ́, ó ti gbẹ. Tó bá rọ̀, ẹ dá a padà sínú oòrùn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa, torí àwọn ló máa sọ fún wa bóyá ó tó iyèré.